Pe Ọ̀rọ̀ Níjà, Má Ṣe Pe Ènìyàn Lólè

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀kọ́ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti èlé orí owó yíyá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni. Ẹlòmíràn lè máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe?" Ẹ fún wa láyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ kan ká lójú wa. Bí a bá mọ̀ ọ́n, tí a sì mọ bí a ti ń lò ó, owó wa yóò wà ní ààbò, orúkọ àwọn tí ń bá wa tọ́jú owó náà yóò sì wà ní ààbò pẹ̀lú.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó wá yẹ ìwé owó wọn wò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni wọ́n ní kí ó kà á fún ìpàdé. Ó ń kà á lọ dáadáa títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Ìyá Akápò. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà "impugn" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà dúró, ó tún un kà, ó sì gbójú sókè wo alága.

Bàbá kan béèrè pé, "Kí ni wọ́n pe Ìyá Akápò?"

Ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ó jọ pé ìmpíìṣì ni. Wọ́n ní kí a yọ wọ́n nípò."

Ẹlòmíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé, "Wọn kì í yọ ènìyàn lásán. Wọ́n ní wọ́n kówó jẹ ni."

Ìyá Akápò kò fèsì. Ó ti ń di àpò ẹgbẹ́ mú láti ọdún mọ́kànlá, kò sì sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni wá gba owó rẹ̀ tí kò rí i gbà. Ó tú kọ́kọ́rọ́ àpótí kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín." Ó sì kọrí sí ilé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá ti kọ orúkọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ gba owó ìfipamọ́ àwọn. Ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, ìdajì àga ló ṣófo. Àwọn tí ó ti ń retí owó yíyá fún iṣẹ́ oko ọdún náà kò rí owó yá, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ fi owó sílẹ̀ mọ́.

Kí ni lẹ́tà náà sọ ní tòótọ́? Ó ní àwọn ayẹ̀wéwò kò pe ìwà òtítọ́ akápò níjà rárá. Àròpọ̀ owó inú ìwé ńlá ni àwọn pè níjà, nítorí pé ó fi ₦38,500 ju owó tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ọ! Ńṣe ni lẹ́tà náà ń dáàbò bo orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n àìgbọ́ èdè sọ ọ́ di ọ̀bẹ tí a fi gún un. Bí ọ̀rọ̀ náà ti parí, a ó sọ ọ́ kí a tó jókòó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Bí a ti ń pè é ni "ìmpíyúùn". Lẹ́tà g wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu kì í pe g náà. Ọ̀rọ̀ àwọn amòfin, àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí òyìnbó pàápàá ń sọ nígbà tí ó bá ń ra ata. Láti inú èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni ó ti wá. Nínú èdè náà, "pugnus" ni ẹ̀ṣẹ́ tí a dì, "pugnare" sì ni kí a jà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá "impugn" ọ̀rọ̀ kan, ó dìde sí ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó fẹ́ bá a jà. Ó ní, "Èmi kò gbà ọ́ gbọ́. Dúró kí a wo agbára rẹ."

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu wẹ́kú: a ń sọ pé a pe nǹkan níjà. Bí a bá pe ẹ̀rí níjà, bí a bá pe ìṣirò níjà, ohun tí òyìnbó ń sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé pípè níjà kì í ṣe bíborí. Ẹni tí ó pe ènìyàn níjà kò tíì dá a. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, bí ìwé ìròyìn bá sọ pé agbẹjọ́rò "impugn" ẹ̀rí ẹnì kan, kò tíì túmọ̀ sí pé ẹ̀rí náà ti já sí irọ́. Bí ó bá já a ní koro, Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìyẹn. Ìpè ni "impugn" jẹ́, ìjàkadì ṣì wà níwájú.

Ó ní àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ọ́ létí, àwọn ni wọ́n sì ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú. Èkíní ni "impute". Èyí náà ti inú èdè Látìn wá, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí a kọ nǹkan sí ènìyàn lọ́rùn nínú ìwé ìṣirò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ gbèsè. Lónìí, ẹni tí ó bá "impute" ohun kan sí ọ, ó ka ohun náà sí ọ lọ́rùn. Òfin ìjókòó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin wa sọ pé kí ọmọ ilé kankan má ṣe ka èrò búburú sí ọmọ ilé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n lè ta ko ọ̀rọ̀ ara wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dìde pé, "Mo mọ ohun tí ó wà nínú rẹ tí o fi sọ bẹ́ẹ̀," òfin kò gbà á.

Èkejì ni "impeach", èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ìmpíìṣì. Ìdè ẹsẹ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, bí ìgbà tí a bá fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn kí ó má lè rìn. Ní ilé-ẹjọ́, wọ́n máa ń lò ó fún títako ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlẹ́rìí, níbẹ̀ ó di ìbátan "impugn". Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Gómìnà Balarabe Musa ti Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọdún 1981, ìyọnípò ni etí wa ń gbọ́ bí a bá ti dárúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn nínú ìpàdé ọjọ́ náà fi rò pé wọ́n ní kí a yọ Ìyá Akápò. Etí rẹ̀ kò burú. Ọ̀rọ̀ méjì ló jọ ara wọn, ó sì mú èyí tí ó mọ̀.

Nítorí náà, bí lẹ́tà kan bá dé tí ẹ rí "impugn" nínú rẹ̀, ẹ má ṣe dìde. Ẹ wo ohun méjì. Ẹ wo iwájú ọ̀rọ̀ náà bóyá "not" wà níbẹ̀, nítorí "not" yóò yí gbogbo rẹ̀ padà. Kí ẹ sì wo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò, ìwé, ẹ̀rí tàbí gbólóhùn ni ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ìwà, òtítọ́ inú tàbí ète ẹnì kan ni ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ti wúwo. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n fọwọ́ kàn.

BÍ ÀWỌN ADÁJỌ́ TI Ń LÒ Ó

Ilé-ẹjọ́ ni oko tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ, ẹ̀kọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ fún wa.

Òfin Ẹ̀rí ti orílẹ̀-èdè wa, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2011, kò gbà kí agbẹjọ́rò kàn dìde kí ó ní, "Òpùrọ́ ni ẹlẹ́rìí yìí," kí ó sì jókòó. Ó la ọ̀nà sílẹ̀. Èkíní, a lè mú àwọn tí ó mọ ẹlẹ́rìí náà wá láti jẹ́rìí pé ẹni tí a kò lè fọkàn tán ni. Èkejì, a lè fi hàn pé ó gba owó ẹ̀yìn, tàbí pé ó gbà láti gbà á, kí ó tó wá jẹ́rìí. Ẹ̀kẹta, a lè fi hàn pé ohun tí ó sọ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó ń sọ nísinsìnyí. Ìbéèrè ojúkojú sì wà, tí agbẹjọ́rò yóò máa bi ẹlẹ́rìí ní gbangba, tí ẹlẹ́rìí yóò sì máa fèsì. Gbogbo rẹ̀ ni a ń ṣe níwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Kò sí èyí tí a ń ṣe ní ìdí àgbo ayò.

Òfin kan náà sọ̀rọ̀ lórí ìwé ìṣirò. Ó ní ilé-ẹjọ́ lè gba ìwé owó tí a ń kọ déédéé nínú òwò bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n pé ìwé náà nìkan kò tó láti sọ ẹnikẹ́ni di onígbèsè. Ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Kí ẹgbẹ́ wa kọ èyí sí ògiri! Bí ìwé ńlá bá sọ pé owó kù, ìwé ńlá ti sọ tirẹ̀; ìwé ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Rìsíìtì ńkọ́? Ìwé báńkì ńkọ́? A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ìwé.

Ó tún kù o. Òfin yìí sọ pé bí ẹnì kan bá fẹ̀sùn ọ̀ràn bí olè kan ẹlòmíràn níwájú ilé-ẹjọ́, ìbáà jẹ́ ẹjọ́ owó lásán ni ó gbé wọn débẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dájú tó bẹ́ẹ̀ tí iyèméjì tí ó nídìí kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wo bí ìwọ̀n méjèèjì ti yàtọ̀ sí ara wọn. Láti sọ pé, "Àròpọ̀ yìí kò pé," ẹ̀rí díẹ̀ tó o. Láti sọ pé, "Ìwọ lo kó o," ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kún ilé. Ṣùgbọ́n nínú ìpàdé wa, èyí tí ó wúwo jù yẹn ni ẹnu wa máa ń kọ́kọ́ gbé.

Ẹjọ́ kan wà tí ó wù wá púpọ̀. Láti Gold Coast ni ó ti wá, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ó sì dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1957. Kojo Kejì àti Bonsie ni orúkọ ẹjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Apá kìíní sọ ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn baba rẹ̀, apá kejì sọ òmíràn. Lord Denning ni ó sọ ìdájọ́ náà. Ohun tí ó sọ ni pé nígbà tí ìtàn bá ń ti ẹnu ìran kan bọ́ sí etí ìran kejì, àṣìṣe lè wọ inú rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pète irọ́. Olóòótọ́ ènìyàn lè dúró gbọin kí ó sì sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbọ́ ọ. Nítorí náà, ó ní wíwo ojú ẹlẹ́rìí kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ohun tí ó dára ni kí a fi ìtàn méjèèjì wé ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní àìpẹ́ yìí, kí a wo èyí tí ó bá a mu. Àwọn adájọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀lé ìdájọ́ yìí nínú ẹjọ́ ilẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Owó náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ni. Ọmọ ẹgbẹ́ fún agbowó, agbowó fún akọ̀wé, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, akápò gbé e lọ sí báńkì. Nínú ọwọ́ mẹ́rin yìí, àṣìṣe lè wọlé láìsí olè kankan níbẹ̀. Ẹ má ṣe wo ojú akápò bóyá ó ń gbọ̀n. Aláìṣẹ̀ tí a bú lójú agbo náà a máa gbọ̀n. Ẹ wo ìwé.

Èyí tí ó kẹ́yìn láti ilé-ẹjọ́ ni ti àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ kò pé, tàbí pé wọn kò kọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ máa kùn kiri. Ó ní láti búra sínú ìwé, kí ó sọ ibi pàtó tí àṣìṣe wà, kí ó sì fún adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà tàbí akọ̀wé kóòtù ní ìwé náà kí àwọn náà lè fèsì. Bí àkọsílẹ̀ ìpàdé wa ti rí nìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tí ó gbọ́ nígbà tí a ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá, tí ó dákẹ́, tí ó sì lọ ń sọ ní ọjà pé irọ́ ni wọ́n kọ, kò pe nǹkan kan níjà. Ẹ̀yìn ni ó ń sọ.

ÌLÀNÀ ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí a bá ti mọ̀ pé ènìyàn jẹ̀bi, kí ni a ń fi ìlànà ṣe?" A ó fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dáhùn, ìpínlẹ̀ tí àwa náà jẹ́ ara rẹ̀ títí di ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, aṣòfin 18 nínú 32 kéde pé àwọn yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà nípò. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú 32, kò lè dín ní 22. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i pé ìyọnípò náà kò bófin mu, gómìnà sì padà sí ipò rẹ̀. Àwọn adájọ́ kò jókòó wádìí bóyá ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kò tọ́, ìyẹn nìkan sì ti tó láti wó gbogbo rẹ̀. Gómìnà àná yìí kan náà ni ó di Olúbàdàn ní ọdún 2025.

Bí gómìnà bá ní ẹ̀tọ́ sí ìlànà, akápò ẹgbẹ́ tí kò gba owó oṣù náà ní i.

Àwa alájẹṣẹ́kù kò sì ṣàìní ìlànà. Àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844, lára àwọn ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ wọn ni pé kí a máa gbé ìṣirò owó síwájú ọmọ ẹgbẹ́ lóòrèkóòrè. Láti ìgbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1935 ni àyẹ̀wò ìwé owó ti jẹ́ ọ̀ràn-anyàn ní ọdọọdún. Òfin náà tún ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ bá béèrè, tàbí bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ bá béèrè, kí Rẹ́jísírà ṣe ìwádìí sí bí ẹgbẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ àti bí owó rẹ̀ ti dúró. Ẹ rí i pé òfin kò ní kí a dákẹ́. Ó fún wa ní ẹnu, ó sì fi ọ̀nà tí ẹnu náà yóò gbà hàn wá.

BÍ A Ó TI MÁA ṢE É

Ohun tí a ń gbà yín níyànjú rẹ̀ kò le.

Bí ohun kan bá rú yín lójú nínú ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀sùn. Ọ̀dọ́ lè dìde kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ṣàlàyé owó oṣù Kẹta, kò yé wa." Kò rí àgbà fín.

Bí àlàyé kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pe ìṣirò náà níjà ní gbangba, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi pàtó: ojú-ìwé báyìí, ọjọ́ báyìí, iye báyìí. Ẹni tí ó bá kàn ní, "Gbogbo ìwé yìí ni kò dára," kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ mú ìwé ọwọ́ yín wá bí ẹ̀rí.

Ẹ má ṣe ka ète sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn kí ìwádìí tó parí. "Kò pé" yàtọ̀ sí "o jí i." Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Bí ìwádìí bá wá fi hàn pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ kó owó ẹgbẹ́, kí a má ṣe ojúsàájú. Kí a tẹ̀lé òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ihò tí yóò gbà sá lọ.

Sí ẹ̀yin akápò, akọ̀wé àti agbowó, ọ̀rọ̀ tiyín nìyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpè níjà bí yín nínú. Ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi léèrè kò lè gbe olóòótọ́, nítorí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, kò ní rí ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ìwé tí a ti yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí kò ní àléébù, òun ni ẹlẹ́rìí yín. Bí a bá ní kí ẹ kó ìwé wá, ẹ kó o wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ̀yin ará agbègbè Èjìgbò mọ ọdún Ògìyán. Ẹ mọ bí apá méjì ìlú ti ń dojú kọ ara wọn pẹ̀lú pàṣán àtòrì, tí ìró rẹ̀ yóò máa dún. Àmọ́ nígbà tí ó bá parí, wọn kò di ọ̀tá ara wọn. Ìlú kan náà ni wọ́n ṣì jọ jẹ́. Ìjà tí ó ní ọjọ́, tí ó ní ààlà, tí ó sì ní ìparí ni. Irú ìjà tí a fẹ́ kí a máa bá ìṣirò owó jà nínú ẹgbẹ́ wa nìyẹn.

BÍ Ó TI PARÍ

A ṣèlérí pé a ó parí ìtàn Ìyá Akápò. Nígbà tí wọ́n pè wá sí ẹgbẹ́ náà, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a túmọ̀ lẹ́tà náà sí Yorùbá, a sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, a ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kó ìwé ọwọ́ wọn wá, a sì ń fi wọ́n wé ìwé ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, a rí i. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà àti orúkọ baba kan náà. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi ₦38,500 ránṣẹ́ láti Abidjan, a sì san án fún ẹgbẹ́. Akọ̀wé kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ojú-ìwé ẹnì kejì. Nígbà tí ó mọ̀ pé òun ṣì í kọ, ó kọ ọ́ sí ojú-ìwé ẹni tí ó ni ín, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti fagi lé èyí tí ó kọ́kọ́ kọ. Owó ẹyọ kan di méjì lórí ìwé. Kò sí owó tí ó sọnù. Kò sí olè. Ọ̀dọ̀ Ìyá Akápò kọ́ ni àṣìṣe náà tilẹ̀ ti wá.

Bí àwọn ayẹ̀wéwò kò bá pe àròpọ̀ yẹn níjà, àṣìṣe náà ìbá wà níbẹ̀ di òní, lọ́jọ́ kan ẹgbẹ́ ìbá san owó tí kò ní. Nítorí náà, a kò dá wọn lẹ́bi rárá. Ìpè níjà náà dára. Ohun tí ó burú ni ohun tí ẹnu wa ṣe sí i.

Ìgbìmọ̀ àti àwọn àgbààgbà lọ bá ìyá náà nílé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà. Ó gba ẹ̀bẹ̀ wọn, ó sì gbàdúrà fún ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kò gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní, "Owó ti pé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi ṣa ohun tí wọ́n sọ ní ọjà jọ?" Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn. Ó ṣì ń wá sí ìpàdé, ó ń san owó ìfipamọ́ rẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ lásán. Akápò tí ó rọ́pò rẹ̀ ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wá sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn lónìí nìyẹn. Bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì bá dé sí ẹgbẹ́ yín, ẹ má ṣe kà á fún ìpàdé kí ẹni tí ó gbọ́ ọ tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ìṣirò kò bá pé, ẹ sọ ọ́ síta láìbẹ̀rù. Ẹ pe ọ̀rọ̀ níjà, ẹ pe ìwé níjà, ẹ pe àròpọ̀ níjà. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ènìyàn sinmi títí ẹ̀rí yóò fi dé.

 Kí Olúwa bù sí àpò ẹgbẹ́ wa, kí ó sì má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa tú ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́.